Òfin Kò Ka Màlúù Mọ́ Ooru Ilé

Vale da Urze, nínú oṣù Kejì, yìnyín ṣì wà lórí òrùlé.

Belmiro, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí iṣẹ́ tí ò ń ṣe ní Lisbon. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n jí lónìí, tí orúnkún mi sì gbà kí n dìde, kó jẹ́ kí ìwọ náà máa dìde láìdi ògiri mú. Ara mi le. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò tíì dín sí i. Adìẹ wà, kànga kò gbẹ. Leopoldina tó ń gbé lẹ́yìn ilé ìjọsìn ti kú, a ti sin ín, ọbẹ̀ tí wọ́n sè níbẹ̀ níyọ̀ jù. Ìyẹn ni ìròyìn ilé.

Albertina tó ń pín lẹ́tà ló ń bá mi kọ èyí. Ó jókòó síbi ààrò, ó ti bọ́ bàtà, mo sì ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Wàá ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Fóònù ń bẹ, mo fi aṣọ wé e kí òtútù má baà mú un, ṣùgbọ́n lórí fóònù o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, wàá ní kí n fara balẹ̀, wàá ní ẹnì kan ń pè ọ́. Lẹ́tà kò ṣeé já gbà. Wàá kà á tán kí o tó fèsì.

Ọ̀rọ̀ ìwé ooru yẹn ni. Lẹ́yìn Kérésìmesì o pè mí, o ní ìjọba ti sọ ọ́ di dandan kí ilé ní ìwé ẹ̀rí tó ń sọ bó ṣe ń pa ooru mọ́ àti bó ṣe ń jẹ iná tó, o ní ẹnjiníà kan máa wá wò ó, kí n ṣílẹ̀kùn fún un, kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Apá ìkẹyìn yẹn ni mi ò lè ṣe. Mo lọ bi Adérito tó ni màlúù pé irú òfin wo nìyí. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń fún ilé ní lẹ́tà ábídí bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ iléèwé, ilé tó dára ń gba ti iwájú, èyí tí kò dára ń gba ti ẹ̀yìn. Mo ronú sí i lọ́nà. Ọmọ iléèwé tó bá fìdí rẹmi, wọ́n ń lé e kúrò ni. Ilé tó bá fìdí rẹmi ńkọ́? Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n máa lé jáde. Láyé mi, ìjọba kò tíì wá wo nǹkan kan nílé ẹnikẹ́ni rí kó má mú nǹkan lọ. Bàbá àgbà rẹ ló mú mi wọ ilé yìí, èmi ni mo fi amọ̀ dí ihò ògiri rẹ̀, inú rẹ̀ ni mo bí ìyá rẹ sí, orí pákó rẹ̀ ni ìwọ náà ti kọ́ ìrìn. Mo ní lẹ́tà kankan kò ní lé mi.

Ni mo bá múra sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣe ìdánwò. Ìwọ náà mọ̀ pé oṣù mẹ́sàn-án la fi ń gbọ̀n níbí, oṣù mẹ́ta tó kù a wà nínú iná àjóòkú. O sì mọ ohun tí àwọn bàbá wa ṣe sí òtútù: màlúù nísàlẹ̀, èèyàn lókè, èémí màlúù á máa gba àárín pákó gòkè bọ̀ wá sábẹ́ ibùsùn. Láti ìgbà tí a ti ta tiwa, abẹ́ ilé ti ṣófo. Mo padà lọ bá Adérito pé kó yá mi ní màlúù mẹ́ta tó ní. Ó ní ṣé mo fẹ́ lọ́kọ ni tí mo fi ń wá ohun ìní kiri. Mo ní bí mo bá fẹ́ ọkọ, ẹni tó ṣì lè jẹ egungun ni màá wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó da màlúù náà wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dáná sí ààrò, mo dáná sí ibi tí a ti ń yan búrẹ́dì, mo yan búrẹ́dì tí mi ò ní ẹnu tó máa jẹ ẹ́, mo ki aṣọ àkísà bọ gbogbo ojú fèrèsé. Kí ẹnjiníà tó kanlẹ̀kùn, ilé ti gbóná débi pé ológbò dìde, ó jáde lọ jókòó sínú yìnyín.

Obìnrin ni ẹnjiníà náà. Noémia lorúkọ rẹ̀, ará Bragança, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ẹ̀wà, ẹrẹ̀ sì dé e lórúnkún torí mọ́tò rẹ̀ kò lè gun òkè wa. Kò ráhùn. Ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní Ìyá. Mo gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ àti wáìnì síwájú rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ tán ná, ó ní ẹni tó ń dájọ́ kì í kọ́kọ́ jẹun nílé ẹlẹ́jọ́. Belmiro, mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìjọba tó bá ń rán irú ọmọ báyìí níṣẹ́ ti ń kọ́gbọ́n díẹ̀díẹ̀.

Ó mú nǹkan kékeré kan jáde tó ń yọ iná pupa bí ojú ológbò. Tó bá ti nà án sí ògiri, á mọ bí ògiri ṣe jìnnà tó, láìfi okùn wọ̀n ọ́n. Mo bi í bóyá ògiri lè purọ́ fún un. Ó ní rárá o, Ìyá, ìmọ́lẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, torí ògiri yìí ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi tí mi ò fẹ́ kó tún sọ. Ó gun òkè àjà, ibi tí bàbá àgbà rẹ gan-an kò gùn mọ́ kó tó kú, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òwú aláǹtakùn lórí bí aṣọ ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó yọ àkísà mi kúrò lójú fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn dáadáa, kò fi mí ṣẹ̀sín.

Ìgbà tó yá ni mo rí i pé kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ooru ilé. Mo ní kó bọ́ kóòtù rẹ̀ kí ooru lè wọ inú ìwé. Ó ní Ìyá, kì í ṣe ooru òní ni mò ń kọ. Ó ní ògiri ni òfin ń wò, àti òrùlé, àti fèrèsé, àti ohun tí ilé fi ń dáná, kó lè jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n máa fi wo ilé ẹni tó ní igi ìdáná àti ilé ẹni tí kò ní. Rò ó wò: òfin kan wà láyé tí èèyàn ò lè fi iná àárọ̀ kan ṣoṣo tàn jẹ. Ká ní irú òfin bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn ọkùnrin tó ń wá ìyàwó ni, ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé yìí ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà.

Mo ní ó dáa, jẹ́ kí n fi ohun tí ilé yìí fi ń dáná hàn ọ́. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí abẹ́ ilé. Màlúù mẹ́ta gbójú sókè, wọ́n wò ó. Mo ní kó kọ wọ́n sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Ó wá inú páálí gíláàsì tó ń kọ̀wé sí, ó ní sítóòfù wà níbẹ̀, oòrùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò ní àyè fún màlúù. Mo ní ẹni tó ṣe òfin náà kò tíì sun Vale da Urze rí nínú oṣù Kìíní. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Nígbà tí a gòkè padà, ó bọ́ bàtà, ó dúró lórí pákó lókè màlúù fún ìgbà díẹ̀, ó ní ilẹ̀ ilé òun nígboro kò gbóná tó báyìí. Síbẹ̀ kò kọ ọ́. Ohun tí òfin kò kà, kò ní í kà á. Mo yìn ín fún ìyẹn náà.

Ó ní ìwé gan-an ṣì ń bọ̀, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ tàn mí, lẹ́tà ìkẹyìn ni ilé wa máa gbà. Ó yà á fún mi: ó dà bí kọ́kọ́rọ́ tí eyín méjì kù lórí rẹ̀. Albertina ní F ni wọ́n ń pè é. Mo jókòó. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa wá kó mi jáde, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n gbé ọpọ́n ìpo-búrẹ́dì tí ìyá mi fún mi dání. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ta ló ní wọ́n máa lé yín, Ìyá? Ó ní kò sí òfin tó ń lé èèyàn kúrò nílé ara rẹ̀ nítorí lẹ́tà, mo lè gbé inú F títí wọn ó fi gbé mi lọ sí itẹ́ òkú, ẹnikẹ́ni kò ní kanlẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilé, tàbí tó fẹ́ gba ayálégbé, òun ni òfin mú lápá pé kó tó polówó ilé rárá, kó ní ìwé yìí, kí ẹni tó ń rà á lè mọ irú òtútù tó ń fowó rà. Ló bá bi mí, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀, pé Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ ta ilé yìí ni, àbí ayálégbé lẹ fẹ́ gbà?

Belmiro.

Mo ní mi ò fẹ́ ọ̀kankan. Ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹrẹ̀ ara bàtà rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ọmọ tó gbọ́n ni. Mo gé itan ẹlẹ́dẹ̀ fún un, ó jẹun bí ẹni tó roko bọ̀.

Àṣé o fẹ́ ta ilé, kí o sì kó mi lọ sí Lisbon. Mi ò sunkún. Albertina ló fẹ́ sunkún, mo ní kó má sọ ìwé dómi. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú lẹ́bàá kànga ni o kò ti sùn dáadáa. Inú rere ni. Ṣùgbọ́n inú rere tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ajá á gé e jẹ. Ojú mi ló yẹ kí o ti sọ ọ́. Òfin yẹn láyà jù ọ́ lọ: ó ní kí wọ́n tó ta ilé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí o fi pamọ́, òfin gbé e wá sínú ilé ìdáná mi pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí mo bá rí ẹni tó ṣe òfin náà, bí a bá yọ ti màlúù tó gbàgbé yẹn kúrò, màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Èmi náà ti di olófin báyìí. Mo wá sùn nílé rẹ lọ́dún ìjẹta, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn ni mo fọ abọ́, ògiri yàrá ń la òógùn, ìwọ àti ìyàwó rẹ ń mí èémí gbígbóná sọ́wọ́ ara yín. Noémia ní ilé tí wọ́n bá fi gba ayálégbé náà gbọ́dọ̀ ní ìwé tirẹ̀. Gbà á lọ́wọ́ onílé rẹ, fi ránṣẹ́. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá ju tèmi lọ, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí kò bá jù ú, ìwọ ni kí o kó wá síbí.

Owó tó kàn. Noémia ní orí òrùlé ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, torí òkè ni ooru ń gbà sá. Ó ní kí wọ́n fi pákó èèpo igi kọ́ọ̀kì tẹ́ inú àjà, lẹ́yìn náà fèrèsé onígíláàsì méjì, lẹ́yìn náà sítóòfù tó ní ilẹ̀kùn. Ó ní ìjọba máa ń ṣèrànwọ́ nígbà mìíràn, òun á bá mi béèrè, ṣùgbọ́n kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ìjọba ń gùn. Owó tí o fẹ́ fi háyà ọkọ̀ tó máa kó ẹrù mi, fi ránṣẹ́ fún kọ́ọ̀kì. Fi ti koríko gbígbẹ kún un, torí màlúù pupa Adérito ti kọ̀, kò lọ mọ́, èmi náà ò sì lé e.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù mọ ojúlé rẹ. Kí ohun tí o bá fẹ́ ṣe fún mi ṣeé sọ lójú mi. Kí ẹ bí ọmọ tí ẹ̀ ń retí láyọ̀, kó sì wá kọ́ ìrìn lórí pákó tí o ti kọ́ tìrẹ.

Èmi ìyá àgbà rẹ, Deolinda.

Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí, Albertina ló bá mi fi yíǹkì kùn ún. Wò ó dáadáa. Kò ní tẹ ìwé títa ilé kankan.