Iná Ààrò Yín Kò Kú

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́ o. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ta búrẹ́dì níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n bí òórùn búrẹ́dì bá kàn yín nímú láàárọ̀ òní, ẹ má wá a lọ, tiwa ni. Ó dé ojú irin, ó sì dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ aláṣọ. A ti tún ń yan búrẹ́dì. Nínú ààrò yín ni o, èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín po amọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín.

Mo ṣì ń rí yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ẹ ó ká tẹ̀súbáà mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹnu ààrò, ẹ ó sì nawọ́ sí i bí ìyá tó ń wò ó bóyá ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Àdúrà kan náà ni lójoojúmọ́: Ọlọ́hun, má jẹ́ kí iná yìí kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ kì í béèrè oníbàárà. Ẹ kì í béèrè fúláwà. Èmi tí oorun kún ojú mi á ti ṣe àmín kí ẹ tó parí rẹ̀, kí n lè tètè padà sórí ẹní. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó bá jáde, ẹ ó dá a sí méjì, ẹ ó gbé e sí imú, ẹ ó di ojú, ẹ ó ní Alihamudulilahi kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án. Mo máa ń rò pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jinná ni.

Ọdún tí ẹ lọ náà ni ìjọba ológun fòfin de àlìkámà òkè òkun. Ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù ti kọ́kọ́ fún wa lọ́rùn, òfin yìí wá so okùn mọ́ ọn. Fúláwà di ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ wá kiri Ìkẹjà àti Agége. Àwọn oníbúrẹ́dì ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ aláṣọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń tò síwájú wa kí wọ́n tó wọ ṣíìfù àárọ̀, ń dá ènìyàn dúró. Mo wà nínú oyún nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ sì fi sílẹ̀ fún mi lórí àìsàn ni kí n má jẹ́ kí ààrò tutù. Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń bọ̀ ni? Àbí ọ̀rọ̀ oníbúrẹ́dì lásán ni?

Ọmọ ìdí ààrò ni mí, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ààrò alámọ̀ kì í ṣe sítóòfù. Iyanrìn, iyọ̀ àti àfọ́kù ìgò tí ẹ tẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ ló ń mú ooru dúró, ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn náà ló ń fa omi. Bí ààrò bá tutù wọ inú òjò, á mu omi yó. Ọjọ́ tí èèyàn bá tún dáná ńlá sí i, á là sí méjì. Bàbá tó bá yín mọ ọ́n ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Bí èyí bá là, ó tán nìyẹn.

Làtífù ọmọ yín, àbúrò mi, sì ń wo ìdí ààrò bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ilé iṣẹ́ aláṣọ ti dá a dúró, ó fẹ́ wó ààrò, kó fi ibẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á ti máa yá káséẹ̀tì fídíò.

"Àǹtí mi, ààrò yìí ti dẹ́ẹ̀dì o. Ẹ jẹ́ ká wó o, ká jẹun."

"Kò tíì kú. Òtútù ló fẹ́ mú un."

N kò bínú sí i, ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni dùn. A fẹnu kò pé bí òjò ọdún náà bá lọ tí ààrò ò bá wúlò fún wa, kó gbé dígà wá.

Àwọn èèyàn ní kí a máa po láfún mọ́ fúláwà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ọlọ́gbọ́n yín da láfún sí i títí ó fi pọ̀ ju fúláwà lọ, mo wá da omi gbígbóná lé e bí ẹni fẹ́ rokà. Yíìsì jóná sínú rẹ̀. Bàbá mẹ́káníìkì òdìkejì wa dá tirẹ̀ padà, ó fi í kan ògiri, ó ń dún kò-kò-kò.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ti náìnì ínṣì wà, àbí búlọ́ọ̀kù síìsì nìkan lẹ ní?"

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo wá wọlé lọ sunkún.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà, Ìyá mi. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń jí mi, ẹ̀yin lẹ ń gbà á, èmi kàn ń ṣe àmín. Mo wá ń dá jí. Fúláwà ni mo ń béèrè. Mo tilẹ̀ ń júwe àpò rẹ̀ fún Ọlọ́hun, bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n. Fúláwà kò wá, òjò ló wá. Iná kékeré ni mo ń dá láràárọ̀ kí ààrò má baà tutù, títí igi fi tán ní ẹ̀yìnkùlé. Mo bá Ọlọ́hun bínú. Mo bi í bóyá ẹ̀yin nìkan ló mọ̀ nínú ilé yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí igi tán, Ìyá Ṣẹ́fíù tó ń ta ẹran ní Oko Ọba gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tòun ti bàsíà lórí. Iná mànàmáná ti lọ, yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ti di omi, kò sì sí oòrùn tí wọ́n á fi sá a.

"Ẹ gbà mí o! Ṣé ààrò yín ṣì ń gbóná?"

"Ó kù díẹ̀. Igi ni kò sí."

"Igi? Igi lásán-làsàn? Ẹ dúró dè mí, ẹ má lọ síbì kankan."

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn onípákó, ó sì padà dé pẹ̀lú ọmọlanke igi. Síbẹ̀ mo dúró. Ẹran nínú ààrò búrẹ́dì yín? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí a fi iṣu síbẹ̀, nítorí òórùn? Mo nawọ́ sí ẹnu ààrò bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó ti ń tutù. Mo ní bísímílláhì, mo fọ agolo búrẹ́dì yín, mo sì tẹ́ ẹran sí i.

Ẹran náà gbẹ dáadáa. Ìyá Ṣẹ́fíù fi ẹnu ròyìn wa ká Oko Ọba, ẹ mọ ẹnu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ran ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, àwọn ẹlẹ́ja tẹ̀lé wọn. Ẹni tó bá gbé ẹrù wá á gbé igi wá, á sì bu díẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Òjò rọ̀ títí ó fi sú u. Làtífù tó fẹ́ gbé dígà wá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ koná, tó ń bá àwọn ìyá ẹlẹ́ran ṣàwàdà bí ẹni pé òun ló ni èrò náà. Ọdún gorí ọdún, àní ààrò ò sinmi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹnu ààrò, mo fẹ́ béèrè fúláwà mi, ni ẹnu mi bá sọ tiyín: Ọlọ́hun, má jẹ́ kí iná yìí kú mọ́ wa lọ́wọ́. Iná náà ń jó níwájú mi. Ó ti ń jó látọjọ́ yìí wá! Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà iwájú, mo ń retí fúláwà, Ọlọ́hun sì ti gbé ìdáhùn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nínú bàsíà ẹran. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi mọ́ pé kì í gbọ́.

Ìjọba ti wá tú òfin àlìkámà ká. Làtífù ló ru àpò fúláwà àkọ́kọ́ wọlé fúnra rẹ̀. A fi iyọ̀ gbígbẹ ha inú ààrò kí òórùn ẹran lè lọ, a dáná ńlá sí i, mo sì ń tẹ́tí bóyá yóò là. Kò là. Ìyá mi, kò sán rárá! Mo fẹ́ kí gbogbo Agége wá wò ó. Mo dá búrẹ́dì àkọ́kọ́ sí méjì, mo gbé e sí imú, mo di ojú. Lábẹ́ òórùn búrẹ́dì, òórùn ẹran gbígbẹ ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀, mo sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Kì í ṣe bóyá ó jinná lẹ ń yẹ̀ wò, àbí? Ẹ̀yin náà ti rí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí kí ẹ tó bí mi, òun lẹ ń rántí nínú òórùn náà. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?

Mo ní Alihamudulilahi. Ìyábọ̀, ọmọ tí mo bí lẹ́yìn tí ẹ lọ, ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti ṣe àmín kí n tó la ojú, oorun kún ojú rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà ẹní. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó máa lọ sùn.

Kí Ọlọ́hun fi Alijáná kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń ṣọ́ iná.