Ọpẹ́ Tí Màmá Dá Níwájú Ìgbìmọ̀

"Ta ló bẹ̀ ọ́ lọ́pẹ́? A ní kó o lọ sọ fún wọn pé wọ́n ń pa wá, o lọ kúnlẹ̀, ò ń dúpẹ́. Ọpẹ́ kí lò ń dá, ìyá yìí? Ọpẹ́ kí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Bí Bàbá Wẹ́dà ṣe pariwo ẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn, nínú pálọ̀ wa, níwájú Ọ̀gágun àbúrò wa. Mo sáré kọ ọ́ sílẹ̀ kó má baà sá mọ́ mi lórí. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ ń kọ́ ń wọ̀ yín lórí? Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà ju bó ṣe fi èmi sílẹ̀ lọ, torí inú ń bí mi débi pé bírò fẹ́ lu ìwé já.

Ẹ tún wò ó, "o" ló ń pe Màmá. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, "ẹ̀yin Ìyá télọ̀" ló máa ń pè wọ́n, tó bá gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe á tún fi "ẹ dákun" kún un. Lónìí ó sọ ìyá wa di ẹgbẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ká ní mo ga tó o ni.

Ẹ mọ ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta lẹ́yìn òpópó wa. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, wọ́n tún sún mọ́ wa sí i. Tí àpáta bá ti bú, àwo á máa jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku á bà lé aṣọ ilé ìwé tí Màmá ń rán, funfun á di eérú. Ìyẹn ṣì kéré. Ọ̀gágun, àbúrò wa tí a sọ lórúkọ yẹn torí ó ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé látìgbà tó ti ń rá, kò lè pàṣẹ mọ́. Ikọ́ fée ti mú un. Ó sọ ọ̀rọ̀ méjì, á dúró wá èémí kó tó sọ ìkẹta. Ó tiẹ̀ dákú lọ́jọ́ kan. Dókítà ní bí eruku ò bá kúrò níbi tọ́mọ wà, tàbí kọ́mọ kúrò níbi tí eruku wà, òun ò lè ṣèlérí kankan. Ibo la fẹ́ gbé e lọ?

Ìdí nìyẹn tí gbogbo òpópó fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin pé kí ẹ̀tù dúró. Aṣojú wa kà á níwájú gbogbo aṣòfin, wọ́n wá gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aráàlú. Àwọn ni wọ́n máa ń pe ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sùn, wọ́n á da ìbéèrè bò wọ́n, wọ́n á sì wá lọ sọ fún ilé ohun tó yẹ kó ṣe. Bàbá Wẹ́dà, alága òpópó, fúnra ẹ̀ ló ní kí Màmá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá télọ̀, ẹ̀yin lẹ lẹ́nu pẹ̀lẹ́. Èmi, èébú ni màá fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lé mi síta." Ẹnu pẹ̀lẹ́ ló yàn. Ẹnu pẹ̀lẹ́ náà ló wá ń bú.

Mo tẹ̀ lé Màmá lọ síwájú ìgbìmọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Yàrá náà tutù bí inú fíríìjì. Tábìlì wọn gùn, ó tẹ̀ kọdọrọ, máìkì kọ̀ọ̀kan wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, iná pupa á tàn lórí ẹ̀ tó bá kan ẹ láti sọ̀rọ̀. Alága ìgbìmọ̀ ló ń tẹ bọ́tìnnì iná yẹn. Àwa aráàlú jókòó sẹ́yìn okùn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ti kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lára àwọn ẹlẹ́rìí, tó bá wúkọ́ jù, òun á gbé e jáde. Mo rò pé àwàdà ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí Màmá búra pé òtítọ́ làwọn máa sọ. Màmá búra. Alága wá bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ilé iṣẹ́ yìí ti wá bá yín rí lórí ọ̀rọ̀ eruku?" Ẹ̀gbọ́n mi, ṣe ni Màmá dìde lórí àga, wọ́n kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Máìkì ò gbọ́ wọn mọ́, ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n dìde. Ẹ̀yin nìkan ni màá sọ eléyìí fún: ojú tì mí. Mo gbójú sílẹ̀ bí ẹni pé mi ò mọ̀ wọ́n rí. Pé ojú tì mí yẹn ló tún wá ń tì mí lójú báyìí.

Nígbà tí wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ẹ ṣé sà. Wọ́n wá. Wọ́n fún wa ní ìbòmú, wọ́n bu omi sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbìyànjú, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ sà..." Ibi "àmọ́" yẹn ni iná pupa kú. Alága ti yíjú sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ afọ́kùúta. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí sọ, wọ́n ní ẹ gbìyànjú." Ọ̀gá yẹn tẹríba, ó ní inú àwọn dùn láti máa ran aládùúgbò lọ́wọ́. Mo ń wo ẹnu Màmá. Ẹnu wọn ṣì ń lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń jáde.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Àjèjì kọ́ ni alága yẹn. Èdè wa ló sọ, ó dùn lẹ́nu ẹ̀ pàápàá. Ó mọ̀ pé téèyàn bá dé iwájú àgbà, ọpẹ́ lèèyàn ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ kó tó tú ẹrù ìbànújẹ́. Ṣé kò kí ìyá tiẹ̀ báyẹn rí ni? Ó mọ̀ pé ibi "àmọ́" ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì pa iná.

Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ gbìyànjú o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó bi Màmá pé, "Lọ́jọ́ tọ́mọ dákú, ṣé ojú yín ló ṣe?" Màmá ní rárá, àwọn lọ kó aṣọ fún oníbàárà, ọmọbìnrin àwọn ló wà nílé. Ó bi wọ́n bóyá orúkọ ọmọbìnrin yẹn wà lára àwọn ẹlẹ́rìí. Kò sí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Èmi tí mo gbé Ọ̀gágun sáyà nígbà tí ètè ẹ̀ dúdú, tí àpáta ṣì ń bú lẹ́yìnkùlé, èmi nìyẹn lẹ́yìn okùn, tí mò ń wo ẹ̀ṣọ́.

Lónìí ni ìgbìmọ̀ fi ohun gbogbo tí a sọ ránṣẹ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. "Ẹlẹ́rìí sọ pé ilé iṣẹ́ gbìyànjú, ó sì dúpẹ́." Kò sí "àmọ́" níbẹ̀. Òun ni Bàbá Wẹ́dà kà tó fi ya wèrè. Wọ́n fi kún un pé ẹlẹ́rìí lè tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe kó dá a padà, ẹlòmíì tọ́rọ̀ bá sì ṣojú ẹ̀ lè kọ̀wé pé òun fẹ́ jẹ́rìí, kí ìgbìmọ̀ tó parí iṣẹ́.

Mo bẹ Màmá pé ká tún un ṣe. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Mo búra. Wọ́n bu omi, àbí wọn ò bu omi? Tí mo bá pa á rẹ́, mo sọ fún Ọlọ́run pé irọ́ ni mo fi búra nìyẹn." Mo ní, "Màmá, ẹ fi ìyókù kún un ni, kì í ṣe pípa rẹ́." Wọ́n ní, "Ìwé tó o kà ò tíì mú kó o tó mi kọ́ lọ́rọ̀ sísọ." Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí òwú nínú abẹ́rẹ́, wọ́n kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo bínú sí wọn, mo tún fẹ́ lọ dì mọ́ wọn. Mi ò ṣe ìkankan.

Ọlọ́run á wà pẹ̀lú yín níbẹ̀. Ọwọ́ yín á tu aláìsàn lára. Àwọn tí ẹ ń tọ́jú ò ní kú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ ó sì padà wá bá gbogbo wa pé.

Èmi ni àbúrò yín tó tẹ̀ lé yín,
tí ẹ máa ń pè ní Ojú Òjò.

Àfikún: Mo ti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ ní orúkọ ara mi pé mo fẹ́ jẹ́rìí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù òkè ni mo fi í pa mọ́ sí, ọ̀la ni màá mú un lọ. Tí wọ́n bá bi mí bóyá ilé iṣẹ́ gbìyànjú, màá ní rárá, Màmá á sì gbọ́ pé ọmọ àwọn ta ko àwọn níta gbangba. Wọ́n lè má bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti rò ó, mo fara mọ́ ọn. Mi ò ní sọ fún Bàbá Wẹ́dà, mi ò ní sọ fún Ọ̀gágun. Ẹ̀yin náà, bí Màmá bá pè yín, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ti rò ó títí, lẹ́tà yìí gan-an ò ní kúrò nílé kí n tó dé iwájú ìgbìmọ̀, kó má baà sí ẹni tó máa dá mi dúró.