Bààlúù Aláìnírù Tí A Kò Tíì Kàn

Èmi, ayàwòrán ẹ̀rọ tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀ sí Baba Rúlà, ni mo ń pín ogún mi báyìí. Ara mi ti kọ̀ mí, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tí ó bá ní mo ti ń ṣarán, kí ó gbé ìṣirò wá kí n bá a ṣe é.

1. Ilé tí mo ń gbé di ti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Kí ẹ̀yin alámòójútó ogún fi àbúrò mi obìnrin sílẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ajá mi ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, torí ó ti jẹ bàtà àbúrò mi rí, àbúrò mi kì í sì í gbàgbé.

2. Tábìlì ìyàwòrán àti rúlà mi di ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kí wọ́n máa lò wọ́n. Kí wọ́n má fi wọ́n ṣe ẹ̀ṣọ́.

3. Ó ku àwòrán bààlúù kékeré mi, tí ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì ń tì, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ìyẹ́ apá, tí kò ní ìrù rárá.

Ìyàwó mi ni mo ya àwòrán náà fún. Awakọ̀ òfurufú ni, ó kéré, ó sì fúyẹ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ rí i, ó ní àdìẹ tí a já nírù ni mo fẹ́ kí òun gùn. Bààlúù aláìnírù kò gba àṣìṣe: ibi tí awakọ̀ jókòó sí àti bí ó ṣe wúwo tó ni kì í jẹ́ kí ó takìtì. Ara ìyàwó mi ni mo fi wọn ìjókòó náà. Àìsàn mú un lọ kí a tó gé irin àkọ́kọ́.

Ilẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí ọ̀rẹ́ mi, mẹkáníìkì ẹ̀rọ jẹ́ẹ̀tì, fi ní kí n mú ìjókòó náà fẹ̀ sí i kí ọkùnrin lè wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, a kì í kí ara wa.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọmọ mi nínú ìjókòó onípákó tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun náà ti ń wa bààlúù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pẹ́dálì gẹ́ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ní kí ó lọ gbé omi kaná.

4. Ọmọ mi ló ni àwòrán náà. Mo fẹ́ sun ún, ọwọ́ mi kò gbà. Kí ó má kàn án nítorí mi tàbí nítorí ìyá rẹ̀. Òkú kì í wọ bààlúù. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ ẹ, ẹ lọ bá mi bẹ mẹkáníìkì yẹn. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ náà. Inú mi kò tíì yọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo lè fi ọmọ mi lé.

Mo fọwọ́ sí i lórí ibùsùn, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá.
Baba Rúlà

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Agbẹjọ́rò ìdílé wa
Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi