Ìdá Kan nínú Mẹ́ta fún Ọmọ tí Wọ́n Ní Kò Jọ Wá

Èmi, Jamilah Àyọ̀ká Oyèdélé, opó, tí ń gbé ní Bẹyẹrunka, Ìbàdàn, ni mo ń sọ̀rọ̀ yìí. N kò mọ̀wé. Lọ́yà Olúyẹmí ni ó ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i. Orí mi pé. Orúnkún nìkan ni ó ń dùn mí. Ìwé yòówù tí mo ti tẹ̀ka sí tẹ́lẹ̀ lórí ogún mi, mo wọ́gi lé e.

1. Lọ́yà Olúyẹmí àti Lemọ́mù Muhydeen ni kí ó pín ogún mi ní ìlànà ẹ̀sìn wa. Ìdá méjì nínú mẹ́ta, tí ilé mi ní Kudeti àti ẹrù aṣọ mi ní Òjé wà nínú rẹ̀, jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjì tí ó kù, Zakariyya àti Waliyat.

2. Ìdá kan tí ẹ̀sìn gbà mí láyè láti fi tọrẹ, mo fún Karimat, ọmọ Sàídì, àkọ́bí mi. Sàídì kú ṣáájú mi. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní ogún kankan lọ́dọ̀ mi. Mo ti sọ̀rọ̀. Yàrá iwájú méjèèjì nílé mi ní Bẹyẹrunka àti igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé di tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lé e.

Zakariyya fẹ́ lé e. Níbi àdúà Sàídì, ó di etí ọmọ náà mú bí ẹni ń wo àgbò lọ́jà, ó ní irú etí báyìí kò sí nílé wa, kí a bi ìyá rẹ̀ ibi tí ó ti rà á. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo rí gbogbo ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

3. Àwọn ìgò eṣinṣin orí pẹpẹ mi, ti Karimat ni. Kí ẹnikẹ́ni má dà wọ́n nù. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni. Gbogbo ohun tí ń fò lórí máńgòrò, kantíkantí ni mo ń pè é, títí ó fi gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá fún mi. Kékeré olójú pupa tí ń jẹ èyí tí ó ti jẹrà kì í ṣe ẹbí èyí tí ń fi abẹ́rẹ́ ìdí gún máńgòrò láti yé ẹyin sínú rẹ̀. Àwọn kan jọra bí ìbejì, wọn kì í ṣe irú kan náà. Àwọn mìíràn wà tí ìyẹ́ wọn yàtọ̀ síra, orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Mo bi í bí ó ṣe ń mọ̀ wọ́n. Ó ní, Màmá, ẹ má wojú wọn, ìdí ni kí ẹ wò. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

4. Kí dígí ńlá inú yàrá mi wọ inú ìpín Zakariyya, kí ó máa wo ìjọra. Òun ni ó jọ mí jù: iwájú orí, etí, ìrìn. Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ àìsàn, ojú tí ó jọ tèmi yìí kò yọ lẹ́nu ọ̀nà. Karimat ni ó ń gbé mi lọ sílé ìwẹ̀.

5. Waliyat àti Karimat ni kí ó wẹ òkú mi. Kí Lọ́yà ka ẹsẹ karùn-ún yìí fún Waliyat kí wọ́n tó bu omi. Waliyat, wo abẹ́ apá òsì mi. Àmì dúdú kan wà níbẹ̀ tí ó hu irun. Sàídì ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ fún Karimat kí ó gbé apá tirẹ̀ sókè. N kò sọ ọ́ níwájú ẹbí, nítorí n kò ní bọ́ aṣọ lára ọmọ ọmọ mi kí n tó fi hàn pé tèmi ni. Zakariyya yóò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò ní rí i. Ọkùnrin kì í wẹ òkú ìyá rẹ̀.

Àtàǹpàkò òsì Jamilah Àyọ̀ká Oyèdélé, ní Bẹyẹrunka, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

A kà á sí i létí ní Yorùbá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun wí, ó sì tẹ̀ka níṣojú wa:
Grace Akínwùmí, olùkọ́, Kudeti.
Ìrètíolúwa Adéyẹ́misí, akọ̀wé lọ́yà, Agodi.