Ìdí Tí Mo Fi Fẹ́ Lọ sí Aṣálẹ̀

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1988

Oyèrónkẹ́ ló ń kọ èyí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Yàrá iwájú ló ń gbé nínú ilé mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Gègé ni mo ń pè é. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Kó má tún un ṣe. Kó má fi àdúrà kún un.

Waliyat ìyàwó mi ni mo máa ń ro ọ̀rọ̀ ọjọ́ fún tẹ́lẹ̀. Ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀ nìyẹn.

Ó dára. Máàpù wá lónìí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Máàpù ni mo ń pe Olúwaṣògo, ọkọ Mùínàt ọmọ mi, olùkọ́ jọ́gíráfì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó tẹ́ máàpù gbàgàdà kan sórí ẹní ìrun mi. Mo ní kó gbé e kúrò. Òun àti olùkọ́ méjì mìíràn fẹ́ gbé ọkọ̀ Pijó rẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀ ní ọlidé Kérésì. Ọgbà ẹranko ìjọba kan wà lókè Màídúgùrì, níbi tí ilẹ̀ ti di iyanrìn. Wọ́n á pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n á sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń sá fún nílé. Ó ní ìgbádùn ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa lọ́rì obì lọ sí òkè lọ́hùn-ún. Abẹ́ lọ́rì ni mo ń sùn. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní ọlidé. Bí ìṣẹ́ bá tẹ́ ọ sórí ilẹ̀, ìyà ni. Bí o bá kàwé tán tí o wá lọ sùn sórí ilẹ̀ kan náà — ìgbádùn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà. Ẹ bá wa ká lọ." Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

N kò rò ó. Mo ti gbà kó tó pa ẹnu dé.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí n sọ ọ́, kí Gègé yé wò mí bí ẹni tó ń retí ìparí àlọ́.

Mashood, ọmọkùnrin mi kan ṣoṣo, wà nínú ọgbà ẹranko yẹn. Ẹ̀ṣọ́ ni níbẹ̀, òun náà ló sì ń gba àlejò wọlé. Oníyanrìn ni mo ń pè é kí n má baà máa dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta nìyí tí a kò rí ara wa. Kò kọ̀wé, n kò ránṣẹ́. Ìsìnkú ìyá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Mo fẹ́ rí i kí n tó kú, ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá wá ní kí n fi ọ̀nà han olùkọ́ mẹ́ta, tí ọ̀nà náà sì gba ẹnu géètì rẹ̀ kọjá, ta ló máa ní èmi ni mo wá a wá?

Gègé ní, "Ẹ kú ọgbọ́n o, bàbá." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Mùínàt mú ìwé ẹrù wọn wá fún mi láti gbọ́. Àgọ́ kan — òyìnbó ìjọ wọn kan tó padà sí Amẹ́ríkà ló fi sílẹ̀ fún wọn. Ibùsùn rọ́bà mẹ́rin, èyí tí ènìyàn máa fi ẹnu fẹ́ kó tó lè sùn sórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ tán, oorun tọ́ sí i lóòótọ́. Rédíò. Ìwé orin mẹ́rin. Ìgò omi mẹ́fà.

Ìgò omi mẹ́fà! Mo ní tí omi bá tán kí wọ́n máa mu ìwé orin.

Mùínàt rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o. Ó ti ń ṣe ìwé yẹn láti oṣù tó kọjá." Nígbà tí ọmọ yìí ní Onítẹ̀bọmi lòun máa fẹ́, ọdún méjì ni mo fi bínú. Ìyá rẹ̀ ní tí mo bá fẹ́ bínú kí n máa lọ bínú níta, òun fẹ́ gbálẹ̀.

Mo sọ tèmi, Gègé kọ ọ́: kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà. Pákó méjì láti tẹ́ sábẹ́ táyà. Ṣọ́bìrì. Obì, fún àwọn tó ń gbé ojú ọ̀nà — ẹni tó bá gba obì lọ́wọ́ rẹ kò ní júwe ọ̀nà èké fún ọ.

Àìkú, ogúnjọ́

Mo gbé bàtà tí mo fi ń rin iyanrìn jáde. Eku ti jẹ ọ̀kan. Ọ̀kan ṣì dára.

Àtìní, ọjọ́ kọkànlélógún

Fọ́ọ̀mù dé. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọgbà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Gègé ń kà á, mo ń dáhùn.

Orúkọ: Mùílì Àlàmú. Ọjọ́ orí: mo ní kó kọ àádọ́rin, tí kò bá tó wọn kí wọ́n fi kún un. Iṣẹ́: dírébà. Ó ní, "Tó ti fẹ̀yìn tì?" Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

Ìdí ìbẹ̀wò.

Mo ní kó kọ: *Mo fẹ́ wo ẹranko.* Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo ní fọ́ọ̀mù ni kó wò.

Abdulkareem ló máa mú gbogbo rẹ̀ lọ. Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, lọ́rì àlùbọ́sà ló ń wà láti òkè sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo kọ́ bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìrẹsà. Wọ́n lọ fi àgọ́ dánra wò lóko bàbá Máàpù, mo bá wọn lọ. Olùkọ́ mẹ́ta, ìwé ìtọ́ni kan, òpó irin mẹ́jọ, okùn tí n kò lè kà. Wákàtí méjì gbáko. Àgọ́ dìde, àgọ́ wó. Akínpẹ̀lú, èyí tó sanra nínú wọn, wà nínú rẹ̀ nígbà tó wó; ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́.

Nígbà tó dúró tán, àwọn obìnrin méjì ń bọ̀ láti oko. Wọ́n dúró, wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ta ló ṣaláìsí?"

Máàpù ní kò sẹ́ni tó kú, àwọn fẹ́ sùn síbẹ̀ ni. Ọ̀kan wo ilé bàbá Máàpù, ilé ńlá olórùlé páànù tó wà lẹ́yìn wa gan-an. Ó ní, "Ṣé wọ́n lé yín jáde ni?"

Ewúrẹ́ kan wọnú àgọ́ lọ, ó dùbúlẹ̀. Kò fẹ́ jáde. Mo ní wọ́n ti rí ẹranko, kí a máa padà sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí ọkọ̀ lè rìn lórí iyanrìn. Máàpù kúnlẹ̀ ti táyà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń pè mí ní ọ̀gá. N kò bínú sí i.

Àlàmísì, ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá

Abdulkareem kò tíì dé. Èmi kọ́ ni mo béèrè. Gègé ló béèrè.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta

Fọ́ọ̀mù dé. Máàpù gbé e wá fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ọyẹ́ ti mú o, bàbá, ẹ kú ọyẹ́, ara ńkọ́. Mo ní kó sọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí mẹ́ta. Ọjọ́ márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tèmi kò ní òǹtẹ̀. Bírò pupa ni wọ́n fi kọ nǹkan sí i, wọ́n sì so fọ́ọ̀mù tuntun mọ́ ọn. Gègé kà á: *Ìdí yìí kò tó. Àwọn ẹranko ti ṣí lọ síbi tí omi wà. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ń bọ̀.* Orúkọ Oníyanrìn ló wà nísàlẹ̀.

Mo bi Máàpù pé kí ni òun àti àwọn méjì yòókù kọ. Ó wo ilẹ̀. Ó ní àwọn kọ pé àwọn fẹ́ wo ẹranko.

"Bóyá àṣìṣe ni, bàbá."

Àṣìṣe kọ́. Ọmọ mi ni.

Mo sọ oríṣiríṣi lẹ́yìn tó lọ. Gègé kọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kó fà á ya.

Àìkú, ọjọ́ kẹrin

Mo ní kó kọ: *Mo fẹ́ fi ọ̀nà han olùkọ́ mẹ́ta.* Gègé kò gbé bírò. Ó ní ìyẹn náà kò ní tó. Mo ní ta ló bi í?

Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ yìí tiyín ni mò ń kọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ tún un kọ, kò tíì tilẹ̀kùn."

Mo ní kó lọ se oúnjẹ rẹ̀.

Àtàláátà, ọjọ́ kẹfà

Ó dára. Kọ ọ́.

Òwúrọ̀ Àlàmísì ni Waliyat kú, aago mẹ́sàn-án. Mashood ń wakọ̀ ní Kàdúná nígbà náà. Wọ́n fóònù sí ọ̀gá rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán èsì ti dé: ó ti wọkọ̀, òwúrọ̀ ọ̀la ló máa dé, ó bẹ̀ wá kí a jẹ́ kó rí ojú ìyá rẹ̀. Alfa Anas, imáàmù wa, ní kò burú. Ó ní tó bá di àárọ̀ kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó tún un sọ.

Mo ní rárá. Mo ní òkú Mùsùlùmí kì í sùn nílé. Mo fi ariwo sọ ọ́. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló gbọ́ bí mo ṣe mọ ẹ̀sìn tó lọ́jọ́ náà — èmi tí Waliyat máa ń jí fún ìrun àsùbáà bí ẹni ń jí òkúta. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ a ti sin ín.

Mashood dé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Yẹ̀pẹ̀ tútù ló bá. Ó bi mí níwájú gbogbo ènìyàn: "Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?" Mo ní òfin Ọlọ́run ni. Kò jẹun. Ó lọ. Nígbà tó yá mo gbọ́ pé ó ti gba iṣẹ́ ní ìparí ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ọ̀nà ti tán.

Òfin Ọlọ́run kọ́. Wọ́n ti wẹ Waliyat, wọ́n ti wé e, ó wà lórí ẹní ní yàrá. Mo wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó ti kéré. Mo mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá ṣú bá a níbẹ̀, tí èmi àti òun bá jọ wà nínú ilé di àárọ̀, n kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e mọ́. N ó dì í mú, wọ́n á máa já ọwọ́ mi kúrò lára rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré sin ín nítorí ara mi, mo wá fi Ọlọ́run bora.

Gègé ti dáwọ́ dúró. Mo ní kíkọ ni mo bẹ̀ ẹ́ fún, kì í ṣe ẹkún.

Àlàrùúbá, ọjọ́ keje

Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdí kò ju ìka méjì lọ. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà, erin ló ń rò.

A gé e, a tún un gé. Ohun tó kù nìyí: *Alfa ní kí n dúró dè ọ́. N kò dúró. Kì í ṣe òfin, ẹ̀rù ló bà mí. Mo fẹ́ wá sọ ọ́ lójú rẹ.*

Gègé kọ ọ́ wínníwínní. Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí i. Abdulkareem fi sápò, kò béèrè nǹkan kan. Ọmọ tí a kọ́ bàbá rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

N kò ní nǹkan sọ. Gègé ní kí n sọ pé n kò ní nǹkan sọ.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Pijó ti kú. Mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì, ó ní ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀, àfi kí wọ́n wá a títí di ọdún tuntun. Máàpù dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní, "Bàbá, a ó sún un sí ọdún tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ọdún tó ń bọ̀? Ṣé ẹ ti bá ọdún náà sọ̀rọ̀?"

Akínpẹ̀lú bá a wá. Ojú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá. Láti ọjọ́ ewúrẹ́ ni kò ti fẹ́ lọ mọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Abdulkareem gbé fọ́ọ̀mù mi dé ilé níbí. Mùínàt wà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí Gègé kà á kíákíá, kó má ṣe é bí ẹni ń ka ìwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Oníyanrìn kò dá mi lóhùn lórí ohun tí mo kọ, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Níbi tí wọ́n ti ń kọ iye ọjọ́ nìkan ló kọ nǹkan sí. Ó fún àwọn olùkọ́ ní márùn-ún. Ó fún mi ní ọjọ́ kan.

Gègé yí ìwé náà padà, bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí.

Mo bi Abdulkareem pé ìgbà wo ni lọ́rì rẹ̀ ń padà sókè. Ó ní òwúrọ̀ Àtìní. Ó ní, "Wàláhì, bàbá, iwájú lẹ máa jókòó sí." Mo ní mo gbọ́.

Mùínàt bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ní lílọ, ọjọ́ mẹ́ta ní bíbọ̀, pẹ̀lú ọyẹ́ yìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín yìí. Kí ni ènìyàn lè rí ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo?

Mo ní wákàtí méje ni mo fi sin ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kan pọ̀.