Ìwé Àyẹ̀wò Ojú tí Mo Kà fún Àǹtí Sarat

Olóòtú ètò orí rédíò wa àpọ́nlé, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Tudun Wada ní Zaria ni à ń gbé, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde ní yunifásítì. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí n ó pè ní Àǹtí Sarat, bí ọmọbìnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní ìwé kan. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo bá a kà á. Ìwé náà ní kí wọ́n gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò ojú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ibi tó ní kí a gbé ọmọ wá ni, n kò tíì dárúkọ ọjọ́, tí ìyá wa àgbà fi figbe ta: "Haba! Ta ní í gbé ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́ jáde sínú ọyẹ́?"

Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, mo ní, "Ìyá, lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni wọ́n wí."

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn ogójì ọjọ́, dókítà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé ojú méjèèjì ti kọjá àtúnṣe. Ó ní àrùn tó máa ń mú ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni, pé ìtọ́jú ì bá ṣiṣẹ́ ká ní a tètè dé. Ọmọ obìnrin kan láti àdúgbò Hanwa, tí oṣù tirẹ̀ náà kò pé, tí wọ́n jọ wà ní wọ́ọ̀dù, ń ríran. Ìyá rẹ̀ ka ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ àwọn ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ìyá ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Àǹtí gbà pé kádàrá ni. Ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ka ìwé náà fún òun. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe jẹ́wọ́ fún un?