Ọwọ́ Tó Ń Gbé Hítà Sókè

Oyèrónkẹ́ ọmọ mi,

Èmi ni mo ń yí hítà yẹn wálẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń kọ gbólóhùn yìí, mo ti ya bébà mẹ́ta, torí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kí ọ, kí ìkíni má baà gba àyè ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Báwo ni Smyrna tí o ti ń ṣiṣẹ́, báwo ni àwọn aláìsàn rẹ? Olúwa yóò máa ṣọ́ ìwọ tó ń ṣọ́ wọn. Èmi náà ń mí ní Lilburn níbí, ilé tí o rà ò jò, igi iwájú ilé ti wọ́wé tán, Màmá Praise gbé ọbẹ̀ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n kí ọ.

Nígbà tí o gbé nǹkan kékeré yẹn kọ́ sára ògiri, tí o ní wàá lè máa ti orí fóònù rẹ yí hítà tó ń mú ilé móoru láti ibi iṣẹ́, mo gbà ọ́ gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà géérégé, mo rí i tí nọ́ńbà ìgbóná ara ẹ̀ fò lọ sí méjìléláàádọ́rin láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo ní, háà, Rónkẹ́ ti jí. Mo dé fìlà, mo dúró níwájú ògiri, mo kí ọ dáadáa. Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà náà tún fò sókè, mo ní o tún kí mi. Láti ọjọ́ yẹn, tí o bá ti gbé e sókè tán, èmi á yí i wálẹ̀ sí ọgọ́ta, kí àyè lè wà fún ọ láti tún gbé e sókè. Ilé á tutù, màá wọ kóòtù méjì, màá máa dúró dè ọ́. Mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó má kí mi.

Mi ò mọ̀ pé fóònù ń sọ fún ọ pé ilé ń tutù. O ní hítà ti darúgbó, o ti gba iṣẹ́ Sátidé kún iṣẹ́ kí o lè ra tuntun. Sátidé náà sì ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí o máa ń wá. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Èmi tí mo fi ọdún méjìlélógún dúró ti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, mo mọ ohùn ẹ́ńjìnnì tó ń ṣàìsàn, èyí ò ṣàìsàn. Ojú ló tì mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Míṣítà George, ọmọ Èkó tó ń to hítà ní Suwanee, gbé fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n ní kí onílé mú èyí tó wù ú: oní-gáàsì àbí oníná, èyí tí owó iná ẹ̀ máa kéré, èyí tí kì í pariwo. Mo ní èyí tó ń pariwo ni mo fẹ́, torí ti àtijọ́ yìí máa ń húkọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan wà ní yàrá kejì. Ó ní Daddy, kò sẹ́ni tó ń mú ìyẹn o. Mo wá bi í bóyá ọwọ́ ọmọ mi á ṣì máa dé ara tuntun náà láàárọ̀. Ó ní ọwọ́ wo? Ó tẹ nǹkan ara ògiri, ó fi hàn mí: aago mẹ́fà, aago márùn-ún, wọ́n ti tò ó síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, fúnra ẹ̀ ló ń gòkè, kódà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn.

Mo ní ó ṣeun. Mo ṣí fìlà mi.

Mi ò bínú, Rónkẹ́. Bóyá ìwọ náà fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, mi ò mọ̀, má sọ fún mi. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o má ra hítà kankan. Fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀, kí o wá jókòó, ká jọ gbọ́ bó ṣe ń húkọ́. Tí owó bá wà nílẹ̀, fi díẹ̀ ra ìbọ̀sẹ̀ onírun fún mi, torí òtútù tí mo fọwọ́ ara mi fà ti wọ ẹsẹ̀ mi. Ilé rẹ yóò máa móoru, o kò ní ṣàì rí ẹni tí yóò máa bi ọ́ bí o ṣe jí.

Mi ò tíì fàmì sí fọ́ọ̀mù náà. Lọ́la, aago mẹ́wàá, Míṣítà George ń bọ̀ wá gbà á. Èmi fúnra mi ni màá ṣílẹ̀kùn, màá dá a padà fún un bó ṣe wà, màá sì fẹnu ara mi sọ fún un pé hítà ò bàjẹ́, bàbá tó wà nílé ló ń yí i wálẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Akíntóyè